Ìkọ́ Ṣíbí Inú Ilé Télọ̀

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kó wọlé. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà, kó rọra máa rún un, kí ariwo ẹ̀pà má gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Orin kan wà nínú ìtàn yìí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kọ ọ́ fún yín, torí orin náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀:

Gbọ́hùn-Ẹ̀rọ, ọkọ ẹ̀rọ,
    Eré ló kù!
Bíréèkì ti lọ sílé rẹ̀,
    Eré ló kù!
Igi ńlá, ẹ yà lọ́nà,
    Eré ló kù!

Ó dùn, àbí kò dùn? Ó dùn mọ́ àwọn agégi inú ìtàn yìí náà lẹ́nu. Ibi tó ti dùn jù náà ló ti wá korò.

Télọ̀ kan ni. Aṣọ ló ń rán jẹun, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìgégi ni ìfẹ́ rẹ̀ wà lára rẹ̀, ẹ̀rọ tí ṣéènì eléyín ń yí lára irin gígùn bí ejò tó ń lé ìrù ara rẹ̀, tó máa ń ké bí ẹni tí wọ́n fi ata sí lójú. Bí agégi bá gbé èyí tó ti kú wá, télọ̀ á gbé etí lé e, á fa okùn rẹ̀ díẹ̀, á ní, "Ọ̀fun ló ń dùn ún," tàbí, "Ebi epo ló ń pa á." Bẹ́ẹ̀ náà ni yóò sì rí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Gbọ́hùn-Ẹ̀rọ. Kì í gba owó. Ó ní eré ọwọ́ òun ni.

Ẹ̀rọ yìí ní irin pẹlẹbẹ kan níwájú ibi tí wọ́n ń fi ọwọ́ dì mú. Bí ẹ̀rọ bá ta padà sójú ẹni tó gbé e, ẹ̀yìn ọwọ́ á kan irin náà, ṣéènì á sì dúró gbagidi. Apá bíréèkì ni wọ́n ń pè é. Àwọn agégi kò fẹ́ràn rẹ̀. Iye igi tí èèyàn bá gé lójúmọ́ ni wọ́n fi ń sanwó fún un, apá yìí sì máa ń há, ó máa ń dá iṣẹ́ dúró láìnídìí. Wọ́n á ní, "Gbọ́hùn, ẹ bá wa mú alákòóbá yìí kúrò." Á mú un kúrò. Á tún lu ihò sí i nídìí sàlẹ́ńsà kí èéfín lè tètè ráyè jáde, á pọ́n eyín ṣéènì títí á fi máa dán, á wá dá ẹ̀rọ náà padà fún wọn, á máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé.

Télọ̀ kì í ju nǹkan nù. Gbogbo apá bíréèkì tó ti yọ, ó kàn wọ́n mọ́ ògiri ilé ìdáná fún ìyàwó rẹ̀. Orí wọn ká kò bí ìka ọwọ́, wọ́n dára láti fi kọ́ nǹkan. Ibẹ̀ ni ìyàwó ń kọ́ ṣíbí sí, ibẹ̀ ni ó ń kọ́ asẹ́ àti ìgbákọ sí. Wọ́n pọ̀ lára ògiri bí olú lára igi tó ti rà, àwọn obìnrin àdúgbò sì máa ń ní, "Ọkọ tiwa kò ṣe irú eléyìí fún wa o."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ìyàwó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn tí ọkọ rẹ̀ ti ń tún ẹ̀rọ ìgégi ṣe, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Bàbá wọn, yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé lẹ gbà, àbí yunifọ́ọ̀mù igi?"

"Mò ń bọ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ báyìí. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ohùn eléyìí lẹ́ẹ̀kan sí i ni."

"Láti àná lẹ ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohùn ikùn wa ńkọ́, ìyẹn ò wọ̀ yín létí? Ọbẹ̀ tí mo sè lánàá, mi ò mọ̀ bóyá òróró ni mo fi sè é àbí epo ẹ̀rọ."

"Ó ṣáà dùn."

Obìnrin náà kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín jáde ní imú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe wà lórí ìyẹn ni àbúrò ìyàwó wọlé, ọ̀dọ́mọkùnrin agégi kan tó ga débi pé ó ní láti tẹ orí ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà náà kọjá. Ó wá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ ni. Ẹ̀rọ ọ̀gá wọn ni, bí gbogbo ẹ̀rọ tó wà níbi iṣẹ́ wọn ṣe jẹ́ ti ọ̀gá, ṣùgbọ́n èyí ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀ tilẹ̀ ti fi ọ̀dà pupa tí wọ́n ń kùn sí èékánná kán àmì sí apá bíréèkì rẹ̀, kí ẹlòmíì má baà gbé e.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti yọ bíréèkì ọ̀hún?"

"Lálẹ́ àná. Fa okùn."

Ó fa okùn. Ilé mì. Abọ́ ń jó lórí tábìlì. Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín rẹ̀ yọ síta.

"Á-à! Eléyìí á gé igi títí, á tún gé òjìji rẹ̀!"

Ìyàwó télọ̀ gbé oúnjẹ fún àbúrò rẹ̀. Ṣíbí tó fi bu ìrẹsì, ara ìkọ́ tuntun ló ti já a, ìkọ́ tí àmì pupa wà lára rẹ̀. Ó wo ìkọ́ náà, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Bí irin yìí ò ṣe sí níbẹ̀ mọ́ yìí, ṣé kò ní ṣe nǹkan kan?"

"Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ ni bíréèkì," ni télọ̀ wí, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò bí ẹni tó parí ìwàásù.

Àbúrò jẹun tán, ó gbé ẹ̀rọ lé èjìká, ó dá orin bó ṣe ń lọ. Àwọn agégi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń kọjá lọ gbè é. Obìnrin ọlọ́ṣẹ tó ń gbé ilé kejì fi ọwọ́ gbá igbá ọṣẹ rẹ̀, ó ń gbè pẹ̀lú wọn, "Eré ló kù! Eré ló kù!" Télọ̀ dúró lójú wíńdò, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń mi orí.

Oòrùn kò tíì mú nígbà tí obìnrin ọlọ́ṣẹ yìí kan náà já wọ ilé, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́.

"Ẹ sáré! Àbúrò yín! Ẹ̀rọ ta mọ́ ọn! Wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù!"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò gùn. Ẹnu ẹ̀rọ kan kókó igi, ó ta padà sókè, ẹ̀yìn ọwọ́ ọmọkùnrin náà wá irin tó yẹ kó wà níbẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ṣéènì kò dúró. Èjìká ló bá, ó sì gòkè díẹ̀ sí ọ̀nà ọrùn.

Nígbà tí ọkọ àti ìyàwó dé ọsibítù, wọ́n ti rán ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ń kó òwú ẹlẹ́jẹ̀ kúrò nílẹ̀. "Orí yín ló bá yín ṣe é," ló wí. "Díẹ̀ sí i báyìí, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ." Ọmọkùnrin náà nà gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì tó kúrú fún un, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta. Ètè rẹ̀ funfun bí ẹni tó lá ìyẹ̀fun.

Ọ̀gá àwọn agégi wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ń dún lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kí ìyàwó télọ̀ dáadáa, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìpayà," ó wá sún ọ̀rọ̀ mọ́ ìkíni.

"Ẹ wò ó, ojú mi ni mo fi rí i. Ẹ̀rọ yẹn kò ní apá bíréèkì. Ẹ̀rọ tí mo fi owó mi rà, tí mo fi lé e lọ́wọ́ ní pípé! Ẹni tó bá yọ bíréèkì kúrò lára ẹ̀rọ mi, òun àti ara rẹ̀ ló jọ ṣe é. N kò lè sanwó ìtọ́jú, n kò sì lè gbà á padà síṣẹ́. Òfin ni."

Ó sọ ọ́, ojú rẹ̀ sì bá ojú télọ̀. Ojú méjèèjì mọ ara wọn. Ọkùnrin tó gbé ẹ̀rọ àkọ́kọ́ wá sí yàrá ẹ̀yìn télọ̀ fúnra rẹ̀, tó ní, "Bíréèkì yìí ń jẹ mí ní àkókò," òun náà ló ń sọ òfin yìí.

Télọ̀ la ẹnu. Gbogbo ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ó wo bàtà rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan rẹ̀ já bọ́ síbẹ̀. Ohun tó wá jáde ni, "Ẹ ṣàánú wa, ọ̀gá."

Ọmọkùnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yí orí díẹ̀. Ó wo ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Èmi ni mo yọ ọ́," ló wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹyẹ lọ. "Kò sí ẹlòmíì níbẹ̀. Èmi ni."

"Ẹ ti gbọ́," ni ọ̀gá wí, ó sì jáde.

Ìyàwó télọ̀ wo ọkọ rẹ̀. Ó wò ó bí èèyàn ṣe ń wo aṣọ tí wọ́n rán sódì.  Títí wọ́n fi rìn délé, kò sọ nǹkan kan, télọ̀ sì ń bẹ Ọlọ́run nínú ara rẹ̀ pé kó ṣáà bú òun.

Ìyá ìyàwó ti ṣáájú wọn dé ilé. Wọ́n ti sọ fún un lọ́nà pé ẹ̀rọ tí kò ní bíréèkì ló ta mọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì ti gbọ́ pé ọmọ òun kò kú. Ó ní kí òun ṣe oúnjẹ tí wọn yóò gbé lọ bá a, torí èèyàn tí ẹ̀jẹ̀ jáde lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹun. Ó ti gbé ìkòkò ìrẹsì àti ẹ̀wà kaná. Ó wá ṣíbí, ó nawọ́ sí ara ògiri.

Nígbà tí télọ̀ wọ ilé ìdáná tó dọ̀bálẹ̀ kí àna rẹ̀, ìyá náà jókòó sórí àpótí, apá bíréèkì kan wà lórí itan rẹ̀. Ó ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu epo kúrò lára rẹ̀. Àmì pupa ti yọ dáadáa. Ìkòkò ń hó, omi ń ta sínú iná, kò sẹ́ni tó ṣí ọmọrí.

Télọ̀ wà nílẹ̀. Ìyá kò ní kó dìde.

"Bàbá wọn," ni ìyá wí, "kí lẹ fi ń kọ́ ṣíbí nínú ilé yín?"

Ó fi ìka kan àmì pupa náà.

"Ọwọ́ mi ni mo fi kùn ún. Mo ní kí ẹlòmíì má baà gbé ẹ̀rọ ọmọ mi."

"Mà... n kò gba owó lọ́wọ́ wọn o. Ọ̀fẹ́ ni mo ń ṣe é."

Ó sọ ọ́ tán kó tó gbọ́ bó ṣe rí. Ìyá gbé ojú sókè.

"Ẹni tó da omi sínú òróró lọ́fẹ̀ẹ́, ṣé òróró náà kò bàjẹ́ ni?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, ó sàn kí wọ́n na èèyàn ní pàṣán. Ìyàwó rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ṣí ọmọrí ìkòkò. Ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọsibítù, ìkòkò ló kọjú sí: "Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ ni bíréèkì." Ó sì ń ro oúnjẹ lọ.

Ìgbà yẹn ni wọ́n gbọ́ ìró mọ́tò. Ọ̀gá àwọn agégi ló dé, ó kó àwọn agégi rẹ̀ lẹ́yìn, ó gbé àpò ọsàn dání. Ó ní òun wá kí ìyá aláìsàn. Àwọn ará àdúgbò pé jọ sí iwájú ilé. Obìnrin ọlọ́ṣẹ gbé àga síta fún ìyá.

"Ìyá, ẹ kú ọ̀ràn ọmọ," ni ọ̀gá wí, ó gbé ọsàn síwájú rẹ̀. "Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi yọ bíréèkì, ẹnu ara rẹ̀ ló sì fi sọ ọ́. Ohun tí mo wá bẹ̀ yín ni pé kí ẹ gbà á bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo èèyàn yìí, kí ọ̀rọ̀ parí, kí ẹnikẹ́ni má baà máa wo ẹlòmíì ní ìwòkuwò lọ́la."

Ó wo àwọn agégi. Wọ́n ń wo ilẹ̀. Ó wo àwọn ará àdúgbò. Obìnrin ọlọ́ṣẹ ń tún ìdí ìró rẹ̀ dì, bẹ́ẹ̀ ìró náà kò tú.

Ìyá gbé apá bíréèkì náà sókè, gbogbo wọn rí i. Èèyàn á rò pé yóò pariwo ni, ẹ̀yin náà ìbá rò bẹ́ẹ̀. Orin ló dá, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún:

"Gbọ́hùn-Ẹ̀rọ, ọkọ ẹ̀rọ..."

Ó dákẹ́, ó ń dúró de ègbè.

Gbogbo wọn ló mọ ègbè yẹn. Àwọn agégi mọ̀ ọ́n, ọlọ́ṣẹ mọ̀ ọ́n, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ti fi ìka gbá ilẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀ sí i rí. Ẹnu kan kò là.

"Bíréèkì ti lọ sílé rẹ̀..."

Adìẹ kan ń ha ilẹ̀ lábẹ́ mọ́tò. Ìyá ṣì ń dúró. Ojú rẹ̀ ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, bí ẹni tó ń pín oúnjẹ tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà á.

"Eré ló kù."

Ohùn tó gbè é ti ẹ̀yìn wá. Ó ti fọ́. Télọ̀ ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀ bí apá aṣọ tí kò séèyàn nínú rẹ̀.

"Èmi ni mo yọ ọ́, mà. Ọmọ yín kò yọ nǹkan kan. Ó parọ́ torí kí ojú má baà tì mí, mo sì dúró níbẹ̀, mo jẹ́ kó parọ́. Èmi ni mo yọ gbogbo wọn. Àwọn ló wà lára ògiri ilé ìdáná wa yẹn."

"Ẹ gbọ́!" Ọ̀gá fò sókè. "Ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀! Télọ̀ ló ba ẹ̀rọ mi jẹ́! Télọ̀ ni kó sanwó!"

"N ó san ohun tí agbára mi bá ká," ni télọ̀ wí. "Ṣùgbọ́n ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ gbé ti àkọ́kọ́ wá."

"Irọ́!"

Agégi tó dàgbà jù nínú wọn, ọkùnrin tí eruku igi ti wọ irun rẹ̀ tó fi dà bí ewú, tú itọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọ̀gá, ẹ má jẹ́ ká ṣe báyìí. Ẹ̀yin lẹ ní ẹni tó bá fẹ́ bíréèkì, kó lọ máa gé ata lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Gbogbo wa la gbọ́. A tiẹ̀ rẹ́rìn-ín."

"A rẹ́rìn-ín," ni òmíràn wí, bí ẹni tó ń mu oògùn kíkorò.

"Ẹni tó gbépo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀," ni ọlọ́ṣẹ wí. Ló bá rántí igbá ọṣẹ tó fọwọ́ gbá láàárọ̀, ló bá fọwọ́ bo ẹnu.

Àgbà agégi yìí gbé ẹ̀rọ tó wà léjìká rẹ̀ kalẹ̀ síwájú télọ̀. "Dá a padà sí i. Bí kò bá sí níbẹ̀, n kò gé igi lọ́la." Àwọn yòókù gbé tiwọn kalẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wọ́n tò wọ́n sílẹ̀ bí ewúrẹ́ tó rẹ̀. Ọ̀gá wo àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ nílẹ̀. Igi wà nínú oko tí àwọn oníbàárà ń dúró dè. Ó ka iye ẹni tó wà níwájú rẹ̀, ó gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sápò.

"N ó lọ rí wọn ní ọsibítù lórí owó ìtọ́jú," ló wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Kí ara ọmọ náà kọ́kọ́ yá. Iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀."

"Ẹ lọ nísinsìnyí," ni ìyá wí, "kí ẹ tó padà wá jẹun. Ẹ gbé ọsàn yín dání, ẹni tó ń ṣàìsàn ló ń jẹ ọsàn."

Ó gbé ọsàn. Ó lọ.

Télọ̀ wọ ilé ìdáná, ó gbé òòlù. Ó ń já àwọn ìkọ́ náà kúrò lára ògiri, ṣíbí ń bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń dún wọ̀gàwọ̀gà. Agolo mílíìkì kan wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀, ibẹ̀ ni ó kó sípíríìnì àti ọ̀já irin gbogbo bíréèkì náà sí. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú ilé lójú gbogbo ayé, ó ń dá wọn padà. Kò gbé etí lé ẹ̀rọ kankan. Kò bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà. Ó fọ ìdọ̀tí igi tó ń mú bíréèkì há kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Iṣẹ́ kékeré ni, omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ló gbà. Ọlọ́ṣẹ ló gbé ọṣẹ wá, kò sì dárúkọ owó. Ihò tó wà nídìí sàlẹ́ńsà kò ṣe é dí. Ó sọ ìyẹn náà fún wọn, kò fi pamọ́.

Àwọn agégi ti gbé ẹ̀rọ ọmọkùnrin náà wá pẹ̀lú tiwọn; òun ló fi apá alámì pupa sí kẹ́yìn. Nígbà tó de sukúrù rẹ̀ tán, ó gbé e lọ síwájú àna rẹ̀, ó fa okùn rẹ̀. Ó ké. Ṣéènì ń yí, kò ṣe é fojú mú.

"Ẹ tì í síwájú, mà. Irin yẹn."

Ìyá náà na ọwọ́. Ó ti irin náà.

Gbà! Ṣéènì dúró.

Ó wò ó títí. Ó tún ní kó tú u sílẹ̀, ó tún tì í. Gbà! Ẹlẹ́ẹ̀kẹta náà, gbà! Omi wá dà lójú rẹ̀ nígbà yẹn, omi tí kò dà láti àárọ̀. "Bó ṣe rọrùn tó nìyí," ló wí.

Oúnjẹ ti jinná. Ìyàwó télọ̀ ti bu omi sí i, ó ti tún ìrẹsì dà sí i, torí ẹnu tó wà níta ti pọ̀ ju ẹnu aláìsàn kan lọ. Wọ́n kọ́kọ́ bu ti ọmọ tó wà ní ọsibítù, ọlọ́ṣẹ gbé e lọ gbígbóná, ó sì padà wá wí pé ó jẹ ẹ́ tán, ó tún béèrè òmíràn, pé ọ̀gá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń bó ọsàn fún un. Àwọn agégi jẹun. Ọ̀gá náà padà wá, wọ́n gbé abọ́ fún un, ó jẹ ẹ́ láìgbójú sókè. Télọ̀ jókòó lọ́ọ̀ọ́kán, kò nawọ́. Ìyá ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló bu tirẹ̀, ó gbé ẹran tó tóbi jù lé e lórí, ó gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ jẹun, Bàbá wọn. Ebi kì í wẹ ẹ̀ṣẹ̀ nù."

Ó jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, ikùn kún, ẹ̀rọ wà léjìká, apá bíréèkì yọ níwájú kálukú. Wọ́n dé ìsàlẹ̀ òpópónà kí ẹnì kan tó dá orin. Ohùn orin ti tẹ́lẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló yàtọ̀:

Ẹ̀rọ tó ń sáré, ó káre,
    Kó mọ ìdúró!
Ẹ̀rọ tó ń ké, ó káre,
    Kó mọ ìdúró!

Télọ̀ kò gbè é. Ó wà nínú ilé, ó ti jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, yunifọ́ọ̀mù wà lórí itan rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wọlé, gbogbo ṣíbí, asẹ́ àti ìgbákọ rẹ̀ wà ní àyà rẹ̀ bí ẹni tó gbé ìbejì. Ó wo ògiri tó kù kìkì ihò ìṣó.

"Ibo ni kí n wá kọ́ gbogbo èyí sí báyìí?"

Télọ̀ kò gbé ojú kúrò lára abẹ́rẹ́.

"Kọ́ wọn sí mi lọ́rùn, ìyá àwọn ọmọ. Ibẹ̀ ló tọ́ sí wọn."

Ìyàwó rẹ̀ wo ẹrù tó wà láyà rẹ̀. Ó wá yan ìgbákọ tó tóbi jù, ó fi okùn ìgbákọ náà kọ́ ọ lọ́rùn lóòótọ́, ó sì lọ sùn. Télọ̀ kò yọ ọ́. Ó ń ránṣọ lọ, ìgbákọ náà ń lù ú láyà pẹ́pẹ́, ìyá ìyàwó rẹ̀ sì ń fi ọwọ́ bo ẹ̀rín lórí ẹní.

Ó tán. Ẹ̀yin náà, ìkòkò mi wà lórí iná níbẹ̀ yẹn, ó ti jinná tipẹ́. Ẹ mú abọ́ wá. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ebi lọ sílé lọ́dọ̀ mi.